Iye Tí Iná Ọba Tó

Asabe lorúkọ ọmọbìnrin náà.
Ó jókòó sórí àpótí tòmátì Bàbá Shekwolo
nínú àgbàlá wa ní Dutse Alhaji,
oòrùn oṣù kẹta ń yan páànù lókè orí wa.
Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé orúnkún, ó ní:
"Bí iná bá ń wà fún ogún wákàtí lóòjọ́,
tí kì í ṣẹ́jú, tí kì í lọ láìdágbére,
èló lẹ lè fi kún owó tí ẹ ń san?"
Hausa ló fi bi mí.
Yorùbá ni mo fi ṣírò.

Iná ọba ni bàbá mi ń pè é títí ó fi kú.
Mi ò tíì mọ ọba náà,
òun náà ò sì tíì mọ ilé wa.

Mo kọ́kọ́ ka epo bẹntiróòlù:
lítà méjì lálaalẹ́ fún ẹ̀rọ kékeré
tí wọ́n ń pè ní Mo-sàn-ju-aládùúgbò-mi-lọ.
Aládùúgbò náà rèé,
ó ń wúkọ́ èéfín mi lójú fèrèsé rẹ̀.
Mo ka páálí ẹja méjì tí Màmá Terngu dà nù ní Sátidé.
Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un gbọ́,
bí ẹni pé ẹja lè yí ọkàn padà.
Ajá àdúgbò jẹun bí olówó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo dé orí oògùn àtọ̀gbẹ ìyá mi,
ìṣirò dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.
Fíríìjì wa ti di kọ́bọ́ọ̀dù,
ìwé ọmọ ló wà níbẹ̀, àti bàtà kan.
A ra ìkòkò amọ̀ ní Bwari,
a kó yanrìn tútù sí i,
a ri ìgò oògùn mọ́ ọn dé ọrùn.
Láràárọ̀ ìyá mi á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìkòkò náà,
bó ṣe máa ń kan iwájú orí mi
nígbà tí ibà bá ń ṣe mí lọ́mọdé.

Mo ní, "Asabe, wo súwíìṣì pálọ̀ yẹn.
A kì í pa á.
A ń tàn án sílẹ̀ nínú òkùnkùn ká tó sùn
kí gílóòbù lè jí wa.
Láago méjì òru, bó bá dé,
ẹnì kan ń fa omi, ẹnì kan ń lọṣọ iléèwé,
Ìrètíọlá ń parí iṣẹ́ tó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù bẹ̀rẹ̀,
a ń lọ ata, kò sẹ́ni tó ń bínú ariwo.
Ṣé àyè wà fún ìyẹn níbẹ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Nọ́ńbà nìkan ló ń gbà."

Lódìkejì títì, nínú ẹ́sítéètì olówó,
gílóòbù ẹnu géètì ń tàn lọ́sàn-án gangan,
ó ń fi iná ran oòrùn lọ́wọ́.

Mo ya ẹnu kí n dárúkọ iye kan,
àwọn ọmọdé kígbe: An kawo! Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!
Àgbàlá tú ká bí adìyẹ tó rí àṣá.
Asabe ló kọ́kọ́ dìde.
Ó fa ṣájà yọ nínú báàgì:
"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà?
Ó ku ìdá méjì kó kú."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Fáànù ka apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró.
Tábúlẹ́ẹ̀tì náà pajú dé
pẹ̀lú ilé wa nínú rẹ̀.
Ó ní òun á padà wá ní Tọ́sìdeè.

Mi ò tíì sọ iye.
Lálẹ́, ìyá mi bu omi sí yanrìn.
Bí mo ṣe ń lọ sùn, mo fi ọwọ́ wá ògiri,
mo kan súwíìṣì:
títàn ló wà.